Ọwọ́ Òsì Ọkọ Mi Lára Ẹ́ńjìnnì

Ọkọ mi ló mọ ẹ́ńjìnnì, èmi mọ ẹ̀gẹ́. Bí a ṣe pín iṣẹ́ náà nìyẹn láti ìgbà tí a ti gbé ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin. Àwọn obìnrin á gbé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó wá nínú abọ́ ńlá, èmi á gbà á, màá dà á sẹ́nu ẹ̀rọ, màá sì máa wo bó ṣe ń jáde sínú àpò. Òun á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú àkísà léjìká, á máa tẹ́tí sí i. Bí ìró rẹ̀ bá yí padà díẹ̀, á ti gbọ́ kí èmi tó fura rárá.

Ẹ́ńjìnnì kékeré ni, epo dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu. Kò ní rèdíétọ̀ bíi ti mọ́tò. Àgbá omi kan ló dúró tì í, páìpù méjì ló sì so wọ́n pọ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo máa ń rí páìpù méjèèjì lójoojúmọ́ bí mo ṣe ń rí òpó ilé, n kò béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Àárín àwọn ọdún 1980 ni, lásìkò ọyẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan tí a ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, ni ọkọ mi ṣubú ní balùwẹ̀. Nígbà tí a gbé e dé láti ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: "Ó dáa." Ebi bá ń pa á, "Ó dáa." Inú bá ń bí i, "Ó dáa." Àwọn tó wá kí i á rò pé ara rẹ̀ ti ń yá, wọ́n á sì máa dúpẹ́, òun náà á wo ojú wọn, omi á lé sí i lójú.

Àwọn ọmọ wà níléèwé, oúnjẹ sì gbọ́dọ̀ dé ilé. Mo bá kọ́ bí a ṣe ń fi hándù yí ẹ́ńjìnnì títí á fi dún. Ó kọ́kọ́ fẹ́ dá mi lápá, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n. Mo ń da dísẹ́ẹ̀lì, mo ń wo ọ́ìlì, mo ń pọnmi kún inú àgbá. Iṣẹ́ ń lọ.

Nígbà tí òjò dé ni ìyọnu bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí abọ́ ẹ̀gẹ́ tò dé ẹnu ọ̀nà, ìró ẹ́ńjìnnì wúwo lójijì, bíi ti ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Òórùn irin gbígbóná gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo yíjú sí àgbá, omi orí rẹ̀ ń hó bí omi ẹ̀bà, ẹ́ńjìnnì sì kú. A dúró kó tutù, mo tún un yí. Kò pẹ́ tó tún kú. Ẹ̀gẹ́ tí a ti bó kò ṣeé gbé sílẹ̀ dọ̀la, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, àwọn obìnrin gbé abọ́ wọn sórí, wọ́n wá ẹ̀rọ mìíràn lọ.

Ohun tí mo mọ̀ ni mo ṣe. Mo rò pé omi ló kéré, àmọ́ àgbá kún. Mo rò pé ẹ̀gẹ́ tí mo ń dà sí i ló pọ̀ jù, mo bá dín in kù. Mo dẹ bẹ́líìtì tó so ó mọ́ ẹ̀rọ. Mo da ọ́ìlì dúdú nù, mo da tuntun sí i. Gbígbóná ló ṣì ń gbóná.

Mo ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọkùnrin tó mọṣẹ́, tí ọkọ mi fúnra rẹ̀ máa ń yìn. Ó gun alùpùpù rẹ̀ wá, ó ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ó sì fi gásíkẹ́ẹ̀tì, pálí tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí àárín irin méjì, tó ti jó hàn mí. Kò parọ́, ó jó lóòótọ́. Ó fi tuntun sí i, ó tan án, ó dún dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe da ẹ̀gẹ́ sí i, omi tún ń hó.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ọkọ mi ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì láti inú yàrá. Bí ìró náà bá ti ń wúwo, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì gbá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, á máa pariwo, "Ó dáa! Ó dáa!" Mo rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Màá sáré gbé òrí wá, màá fi pa á lẹ́sẹ̀. Á ti ọwọ́ mi dànù, á tún gbá àtẹ́lẹsẹ̀ náà. Èmi á tún pa á. A ń bára wa jà bẹ́ẹ̀, mo sì ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ sunkún.

Mẹkáníìkì padà wá. Ó jókòó sórí òkúta, ó wo ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Ìyá, mo ti pààrọ̀ ohun tó jó, àmọ́ ohun tó ń jó o ṣì wà níbẹ̀, n kò sì tíì rí i." Ó ní bóyá kí òun gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí òun tú u palẹ̀. Mo mọ̀ pé bó bá ti lọ, kò ní tètè padà, torí páàtì ṣọ̀wọ́n lásìkò náà. Mo ń ro ohun tí màá sọ nígbà tí a gbọ́ nǹkan tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn wa. Ọkọ mi ni. Ó ti fi ìdí wọ́ láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, òógùn bò ó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Èmi àti mẹkáníìkì gbé e sórí àga. Ó ń nawọ́ sí ẹ́ńjìnnì. Mo fẹ́ gbé e padà sínú ilé, mẹkáníìkì ló ní, "Ẹ jẹ́ á gbé wọn súnmọ́ ọn, kí á wo ohun tí wọ́n fẹ́."

A gbé e súnmọ́ ọn. Ó ní ká tan án, ọwọ́ ló fi sọ ọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó na ọwọ́ òsì, ó fi kan páìpù òkè, ó yára fà á padà, ó gbọn ìka. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ di páìpù ìsàlẹ̀ mú. Kò fà á padà. Ó dì í mú bẹ́ẹ̀, ó ń wò wá.

"Ó dáa," ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Èmi náà fọwọ́ kàn án. Páìpù òkè ń jóni, tìsàlẹ̀ tutù bí omi àfẹ̀mọ́júmọ́. Mẹkáníìkì pa ẹ́ńjìnnì. "Omi ò rìn," ó ní. "Bàbá, omi ò rìn."

Ìgbà náà ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Omi tó bá ti gbóná nínú ẹ́ńjìnnì máa ń gòkè gba páìpù òkè lọ sínú àgbá, èyí tó tutù nísàlẹ̀ àgbá á sì gba páìpù ìsàlẹ̀ wọlé dípò rẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ bá ti dí, omi kan náà ni yóò máa hó lójú kan. Àtẹ́lẹsẹ̀ tí ọkọ mi ń gbá, kì í ṣe pé ó ń dùn ún. Ìsàlẹ̀ ló ń sọ fún mi.

Mẹkáníìkì tú páìpù náà lẹ́nu àgbá. Àgbá kún, síbẹ̀ ẹ̀kán omi kan ò jáde. Ó ki wáyà bọ̀ ọ́, ó ń fi yí i, àfìgbà tí ẹrẹ̀ pupa ya jáde, tòun ti ewé jíjẹrà àti irin tó ti dógùn-ún. Omi odò lásìkò òjò ni mo ti ń pọn sínú rẹ̀ láìsẹ́. Nígbà tí ara ọkọ mi dá, ó máa ń tú ìsàlẹ̀ àgbá náà dànù lóòrèkóòrè, kò sì sídìí tí yóò fi sọ fún mi, torí iṣẹ́ tirẹ̀ ni. A fọ àgbá, a da omi gba inú ẹ́ńjìnnì títí ó fi mọ́, a so gbogbo rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ kejì mo rin ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Páìpù ìsàlẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bó ṣe yẹ.

A kò fi ọkọ mi sínú yàrá mọ́. Àga rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ lójoojúmọ́, àwọn obìnrin á kí i, wọ́n á sọ ìròyìn oko fún un, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń ṣàánú rẹ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń ní sùúrù kó fi ọwọ́ rẹ̀ dá mi lóhùn. Nígbà mìíràn mo máa ń ṣì í gbọ́, a sì tún máa ń jà.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, mo ní kí wọ́n gbẹ́ kànga fún wa, kí n lè bọ́ lọ́wọ́ omi odò. Àwọn tó fẹ́ gbẹ́ ẹ sọ pé ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ló dára. Ọkọ mi, tó ti ń fi ọ̀pá tilẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀ nígbà náà, fi ọ̀pá náà gún ilẹ̀ ní ìdí igi ọsàn, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀. Wọ́n wò mí, mo ní kí wọ́n gbẹ́ ibi tó fi hàn. Omi jáde níbẹ̀. Kò pọ̀, ó sì máa ń fà bí ọyẹ́ bá le, àmọ́ ó mọ́ gaara.