Ọ̀nà Ìyá Mi Gba Abẹ́ Afárá

Lọ́dọ̀ wa ní Ìlàjẹ, bí àgbàlagbà bá sọ pé ọ̀nà, má sáré wo ilẹ̀. Omi ló ń wí. Èyí tí mọ́tò ń gbà, títì là ń pè é. Ọ̀nà ni ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà dé oko, dé ọjà, dé ilé àna. Mo ti mọ èyí kí n tó mọ ABD, mo sì gbàgbé rẹ̀ nígbà tí mo di akọ̀wé. Ìwé tí mo kà kò ní kí n má gọ̀.

Igbókòdá ń gbòòrò. Ilé ń yọ bí olú lẹ́yìn ọjà, mọ́tò ń pọ̀ sí i, afárá pákó tó wà lórí odò kékeré ibẹ̀ sì ti ń ké bí ọ̀kadà méjì bá pàdé lórí rẹ̀. Ọ́fíìsì wa pinnu pé a máa kọ́ afárá gidi síbẹ̀, a ó sì da ọ̀dà sí títì mẹ́ta ládùúgbò tuntun, níbi tí èmi náà ń gbé. Iṣẹ́ tèmi ni láti ṣètò ìwé tí àwọn agbaṣẹ́ṣe máa fi du iṣẹ́ náà. Ọ̀gá mi, ẹnjiníà ni, ará òkè ni, láti ìhà Èkìtì. Kò bẹ̀rù òkè kankan láyé, ṣùgbọ́n omi? Ó ń wọ ẹ̀wù amúniléfòó kó tó dé etí omi rárá. Ìdí nìyẹn tó fi rán èmi lọ sí àwọn abúlé tó wà lókè odò náà, pé kí n lọ bi wọ́n bóyá afárá yìí kàn wọ́n.

"Ọmọ wọn ni ẹ́," ó ní. "Wọn ò ní fi nǹkan pamọ́ fún ẹ."

Èmi fúnra mi ni mo kọ ìbéèrè náà: Ṣé ọ̀nà yín gba ibi tí a fẹ́ kọ́ afárá sí? Gbogbo abúlé tí mo dé ni wọ́n ti fi ariwo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi náà wà lára wọn. Ó ń hun ẹní níwájú ilé, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ibo ni ì bá tún gbà?" Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ará abúlé náà yóò máa rìn kọjá lórí afárá lọ́pọ̀ yanturu. Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn gan-an. Ọ̀gá mi kà á, ó ní ṣebí orí rẹ̀ ni gbogbo wọn máa gbà, a jẹ́ pé kò sídìí fún afárá gíga. Kí wọ́n to páìpù kọnkéré ńlá sínú odò kí omi máa gba inú rẹ̀, kí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ àti kọnkéré lé e, ó parí. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn agbaṣẹ́ṣe sì wá gba ìwé.

Ọjọ́ tí a kó àwọn agbaṣẹ́ṣe lọ wo ibẹ̀, ọjọ́ ọjà ni. Ibi tí wọ́n ti ń fi bàtà dídán yẹra fún ẹrẹ̀ ni ìyá mi ti yọ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó dúró gbọnrangandan, ó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ bọ̀, ẹní àti ẹja yíyan kún iwájú rẹ̀. Ó rí mi, ó yà sétí omi, ó ní kí ni gbogbo èyí. Mo fi ìgbéraga na àwòrán náà sí i. Ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ àwòrán wò jù mí lọ. Ó fi ìka lé páìpù.

"Ọma mi, kí lèyí?"

"Páìpù ni, Màámi. Ibẹ̀ lomi á máa gbà."

"Omi á gbà á. Èmi ń kọ́?"

Mo wo páìpù, mo wo ọkọ̀. Ẹja lè gba ibẹ̀. Ìyá mi kò lè gbà á. Mo tún wá ń sọ ìsọkúsọ pé bóyá ó lè máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìhín, kó fi orí ru ẹrù rẹ̀ dé ọjà. Obìnrin tí eékún ti ń yọ lẹ́nu!

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó ní, "O bi mí bóyá ọ̀nà mi gba ibẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. O wá lọ kọ̀wé kí wọ́n dí i." Ó ti ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Odò yẹn ni ẹní tí ó fi rán mi nílé ìwé gbà dé ọjà. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kí n wọlẹ̀.

Ọjọ́ mélòó kan ló kù kí wọ́n ṣí ìwé àwọn agbaṣẹ́ṣe. Mo lọ bá ọ̀gá mi, mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ṣì í, ọ̀nà tí wọ́n ń sọ kọ́ ni mo kọ. Ó lanu, ó ní, "Ìwọ, ọmọ Ìlàjẹ!" Ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ nu. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mú mi lọ bá Màmá."

Ọlọ́run nìkan ló mọ bí ó ṣe wọ inú ọkọ̀ Màámi. Ó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, tí ẹ bá jókòó kọjá, ǹjẹ́ kò ní tó?"

"Ta ló ń jókòó fi ọ̀pá tukọ̀?" ni ìyá mi wí. "Ìdúró ni."

Ọ̀gá mi ní kó dúró nígbà náà. Ó na téèpù láti ojú omi dé orí gèlè rẹ̀. Ìyá mi ní omi kò tíì kún o, ó fi ibi tí omi ń dé lára òpó afárá pákó lákòókò òjò hàn án. Ọ̀gá mi fi ìyẹn náà kún un. Bí wọ́n ṣe ń darí bọ̀, ìyá mi wò mí, ó ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo mọ̀ pé torí mo lọ jẹ́wọ́ ló fi sọ ọ́, ó ti dárí jì mí.

Wọ́n gba ìwé padà, wọ́n tún àwòrán yà, àwọn agbaṣẹ́ṣe kùn títí. Ṣùgbọ́n afárá gíga ń jẹ owó ju páìpù lọ, owó tí ìjọba fọwọ́ sí kò sì lè pọ̀ sí i. Nínú títì mẹ́ta, wọ́n ní ká yọ ọ̀kan. Ọ̀gá mi gbé ìwé náà síwájú mi, ó ń wo ojú mi. Títì iwájú ilé tèmi ló wà níbẹ̀ pé kí a yọ. Mo fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, mo fún un kó buwọ́ lù ú.

Afárá náà ti dúró báyìí. Ìyá mi ń gba abẹ́ rẹ̀ lórí ìdúró, pẹ̀lú gèlè, pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀.

Lákòókò òjò tó kọjá, ó wá kí mi. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà mi, ẹrẹ̀ ti gba bàtà rẹ̀ kan. Ó ń pòṣé bọ̀, àwọn ará àdúgbò ń wò wá láti ojú fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe títì fún gbogbo ayé," ó ní, "ẹ ò rí ti iwájú ilé yín ṣe? Ọma mi, irú iṣẹ́ wo lẹ wá ń ṣe ní ọ́fíìsì yẹn gan-an?"

Mo lè sọ ibi tí owó títì yìí bá lọ fún un. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá mi: bí mo bá sọ ọ́, orí kò ní yá a mọ́ láti gba abẹ́ afárá yẹn kọjá. Mo bu omi, mo kúnlẹ̀, mo ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní òótọ́ ni, Màámi, àwa òṣìṣẹ́ ìjọba, a ò mọ nǹkan kan ṣe.