Ọjọ́ Tí Kò Sẹ́ni Tó Tò Sẹ́yìn Mi

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwa obìnrin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa máa ń jókòó sí ní Benin. Yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Siluko Road la ti ń ṣe ìpàdé, ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù. Àwọn ọkùnrin á wà nínú yàrá lórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Àwa á wà níta pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì. Ojú fèrèsé la ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá pinnu lé wa lórí. Láti Mọ́ńdè di Fúráìdè, mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo ń sọ fún wọn bí àwọn obìnrin ṣe jà fitafita kí wọ́n tó lè dìbò. Tó bá di Sọ́ńdè, mo á lọ bu ìrẹsì.

Òfin ẹgbẹ́ kò lọ́jú pọ̀: ilé kan, ìbò kan, olórí ilé ni yóò dì í. A kì í fi ìwé dìbò. Àwọn tó ń du ipò á dúró lórí pápá, kálukú á sì lọ tò sẹ́yìn ẹni tó wù ú. Nígbà tí ìjọba ológun ní kí gbogbo aráàlú máa tò bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Kò ya èmi lẹ́nu. Mo ti mọ ohun tí ìlà lè fi ojú ènìyàn rí.

Nígbà ayé ọkọ mi, n kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà. Bí a bá ń lọ lọ́nà, á bi mí pé, "Ta ni ká tò sí lẹ́yìn lónìí?" Mo á sọ fún un, á sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kú ní 1977. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé ìsìnkú rẹ̀, mo gbọ́ ọ lójú fèrèsé pé àbúrò rẹ̀ tó ń ta pákó ní Aduwawa ni yóò máa di ìbò ilé wa. Àbúrò tí kò mọ iye ọmọ tí mo bí! Ó yọ orí síta, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ìyàwó wa, fọkàn balẹ̀. Ọwọ́ ẹni rere ni ìbò yín wà."

Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. "Tíṣà, ṣé ẹ ó gbà? Ẹ̀yin tí ẹ kàwé tó báyìí? Ẹ dìde. Bí ẹ bá dìde, gbogbo wa á dìde."

Gbogbo wa. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́.

Èmi àti ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. A ń bá àwọn obìnrin wa sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ra gààrí ní Oliha Market. Wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á ní, "Tíṣà, mi ò lè sọ ọ́ létí bàálé mi, àmọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ ó rí mi." Ọmọbìnrin mi, tó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó ń fi Píjìn dáhùn, ní, "Mama, leave dem matter." N kò fi í sílẹ̀. Ní 1979, mo dìbò yan ààrẹ orílẹ̀-èdè, kò sẹ́ni tó bi mí pé ọkọ mi dà. Ṣé ẹgbẹ́ tí mo ń se oúnjẹ fún ni yóò wá bi mí?

Ẹnu wa pọ̀ títí alága fi gbà. Ó ní kí gbogbo ilé jáde sí pápá, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹni tó bá fẹ́ kí obìnrin máa dìbò, kó tò sẹ́yìn Tíṣà. Ẹni tó bá fẹ́ kí òfin dúró bó ṣe wà, kó tò sẹ́yìn òun. Inú mi dùn, nítorí obìnrin pọ̀ ju ọkùnrin lọ. Èmi tí mo kàwé, n kò ronú pé ojú ọkọ kálukú ni wọn yóò ti tò.

Mo dúró lábẹ́ igi fúrúùtù. Ọkùnrin kan kígbe pé, "Tíṣà, tí ẹ bá borí, ṣé àwa la ó máa pọnmọ?"

"Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́ tí ẹ fi jẹun!"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín yẹn ni mo rí gbà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Ó ń bọ̀, ojú rẹ̀ wà lára mi. Ọkọ rẹ̀ wúkọ́. Ó kàn wúkọ́ bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ tún bàtà ṣe, ó nàró, ó sì padà lọ tò sẹ́yìn ọkọ rẹ̀ lórí ìlà alága. Àwọn yòókù ti rí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gba iwájú mi kọjá, wọ́n ń wo ilẹ̀, títí dórí àwọn tó ní n óò rí àwọn.

Alága ka ìlà tirẹ̀ sókè ketekete. Nígbà tó kan tèmi, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Kò sí." Àbúrò ọkọ mi pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀rẹ́ mi gbé móínmóín wá. "Tíṣà mi, ẹ ò mọ bí ilé mi ṣe rí ni."

"Mo mọ bí ẹ̀yìn mi ṣe rí," mo sì ti ilẹ̀kùn.

N kò lọ sí ìpàdé mọ́. Aránṣọ mìíràn ló ń rán aṣọ mi. Àwọn ọmọ tú ká, mo fẹ̀yìn tì, ilé dákẹ́. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo á jókòó ti rédíò tí n kò tàn. Bí mo bá se ìrẹsì, a máa ṣẹ́kù. Ọwọ́ mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ ọkùnrin tí ìyàwó wọn ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì yí òfin náà padà, kí obìnrin náà lè máa dìbò. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ mi níbẹ̀. Ní 1990, mo gbọ́ pé ẹni méjì ń du ipò igbákejì alága: àbúrò ọkọ mi àti aránṣọ yẹn, tí ọkọ rẹ̀ náà ti kú.

Mo mú agboòrùn mi, mo lọ.

Àwọn ọkùnrin ti ń tò sẹ́yìn àbúrò ọkọ mi onípákó. Aránṣọ dá dúró lábẹ́ igi fúrúùtù, àwọn obìnrin sì ń wo ojú ọkọ wọn. Mo la àárín wọn kọjá, mo lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú padà, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Tíṣà mi..."

"Wo iwájú."

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, lẹ́yìn náà òmíràn, títí ìlà wa fi gùn ju tiwọn lọ. Nígbà tí wọ́n kéde pé aránṣọ ló borí, ó sáré wá, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Mo ní kó má dọ̀tí aṣọ.

"Kì í ṣe ìwọ ni mo tò sí lẹ́yìn," mo sọ fún un. "Ààyè tó ṣófo lẹ́yìn mi lọ́jọ́sí ni mo wá dí."

Wọ́n ti ń bu ìrẹsì nígbà tí mo ṣí agboòrùn mi. Kò sẹ́ni tó sìn mí dé géètì.