Fóòmù Pupa Tí Ọmọ Mi Fi Sílẹ̀

Nígbà tí a sin ọmọ mi obìnrin sí Iléṣà tán, tí èrò ti túká, mo lọ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní yàrá tó ń gbé ní Òṣogbo. Mo bá ọ̀rá dúdú kan lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Fóòmù ló wà nínú rẹ̀, fóòmù pẹlẹbẹ tó fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ ọjọ́ ìbí fún àwọn ọmọdé: yẹ́lò méjì, funfun kan, pupa kan ṣoṣo. Páálí kan tún wà níbẹ̀ tó ti gé sí ìrísí ìbòjú, àti òmíràn fún ohun tí wọ́n ń dè mọ́ apá. N kò bi ara mi pé kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó ti rẹ̀ mí jù. Òun ló yẹ kó wá palẹ̀ ẹrù tèmi mọ́.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje, wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni kò ti fẹ́ lọ sí iléèwé mọ́. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, inú á máa run ún. Tó bá di ọ̀sán, inú náà á fi í sílẹ̀. N kò nà án. Inú ń run èmi náà láràárọ̀, àfi pé kò sí ibi tí mo fẹ́ lọ.

Ìgbà tó yá, iléèwé ránṣẹ́ pé ní ọjọ́ Jímọ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan múra wá bíi súpáhíró, akọni inú fíìmù tó máa ń bojú.

Ọmọ náà ní, "Màmá àgbà, tí ẹ bá ṣe tèmi, màá lọ."

"Ṣé inú ò ní run ẹ́?"

"Kò ní run mí. Ìyá mi ti ní òun máa ṣe é. Pupa ni. Fóòmù rẹ̀ wà nínú ọ̀rá dúdú."

Ó ti mọ̀ nípa ọ̀rá náà tipẹ́, kò kàn sọ ni.

"Kí ni orúkọ súpáhíró ọ̀hún?"

"A ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Èmi àti ìyá mi la ronú rẹ̀."

Aránṣọ ni mí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí wọ́n tó fi mí sẹ́nu iṣẹ́ ní Iléṣà. Mo ṣì mọ orúkọ gbogbo ẹni tí mo wọn lára rí, n kò kàn ní í kọ wọ́n síbí, nítorí púpọ̀ nínú wọn ti lọ. Ohun kan tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé aṣọ ọmọdé kì í bá ọmọ lára gẹ́lẹ́. A máa ń gé e kó tóbi, ká ṣẹ́ etí rẹ̀ sínú, ká máa tú u bí ọmọ bá ṣe ń ga. Mo wo páálí ọmọ mi, mo pòṣé. Kò fi àyè kankan sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló lò nídìí ẹ̀rọ mi nígbà èwe rẹ̀ kó tó sá. Mo gbé páálí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo mú téèpù, mo wọn orí ọmọ, mo fi ìka méjì lé e. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún apá kan, mo sì gé fóòmù pupa náà.

Aṣebàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé mi ló gbé gọ́ọ̀mù wá.

"Màmá, bàtà ta nìyí?"

"Bàtà ojú ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí n fi gọ́ọ̀mù pa etí méjèèjì, kí n sì jẹ́ kó gbẹ.

"Gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ, kí ló tún fẹ́ lẹ̀?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án. Tí kò bá fà mọ́ yín lọ́wọ́ mọ́, ẹ wá lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ó parí nìyẹn, ikú nìkan ló lè yà wọ́n."

Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu òun jáde. Ó wolẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màmá."

Mo ní kò sí nǹkan. A jọ dúró kí gọ́ọ̀mù gbẹ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo de ìbòjú náà mọ́ ọmọ lójú. Ó yọ̀ wálẹ̀ dé àgbọ̀n rẹ̀, ihò ojú rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Màmá àgbà, mi ò ríran."

"Wàá ṣì dàgbà sí i."

"Ọ̀la ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́."

Kò sunkún. Ó bọ́ ọ, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní inú ti ń run òun. Mo wo fóòmù pupa tó kù: kò tó ṣe apá kejì mọ́. Bí mo ṣe ń fi àyè sílẹ̀ kiri ni mo fi jẹ ẹ́ tán.

Aṣebàtà ní òun ní fóòmù dúdú tí òun fi ń ṣe sálúbàtà.

Ọmọ náà bi í pé, "Súpáhíró wo ló ń wọ pupa lápá kan, dúdú lápá kejì?"

"Èyí tó ń gbé Ọ̀fàtẹ̀dó ni."

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu ọmọ náà, àmọ́ ó ní pupa ni òun fẹ́.

Mo lọ gbé páálí ọmọ mi. Mo fi ẹfun yí etí rẹ̀ ká lórí èyí tí mo ti ṣe, mo sì gé e bó ṣe gé e gan-an. N kò gé nǹkan ọmọdé mú ọmọ lára bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tí ọmọ wọ̀ ọ́, kò yẹ̀. Aṣọ lè máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lára èèyàn. Fóòmù ní láti di èèyàn mú, kò ní bọ́tìnnì. Ọmọ mi mọ iṣẹ́ rẹ̀. N kò jókòó tì í lọ́jọ́ kan kó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Àjákù tí mo gé kúrò ni mo so pọ̀ di apá kejì. Mo fi gọ́ọ̀mù pa etí wọn, mo dúró kó gbẹ, mo lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ojú ìsopọ̀ mẹ́ta hàn gbangba lórí rẹ̀. Ọmọ fi ìka tọ̀ wọ́n lọ tọ̀ wọ́n bọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ó ti wọ gbogbo rẹ̀ tán kí n tó jí. A gun ọ̀kadà. Tíṣà tó dúró lẹ́nu géètì tẹ̀ ba, ó ní, "Ah, súpáhíró wa ti padà! Ta ló ṣe èyí fún ẹ?"

"Ìyá mi ló ya ìrísí rẹ̀, màmá àgbà ló lẹ̀ ẹ́."

Tíṣà náà wò mí. Ọmọ náà ti wọlé, ó ń sáré láàrin àwọn tó kù. Mo dúró díẹ̀ bóyá yóò bojú wẹ̀yìn. Kò wẹ̀yìn. Ọlọ́kadà ń béèrè bóyá mo ṣì ń lọ. Mo ní kó gbé mi padà sílé.