Bíítírúùtù Tí Wọ́n Gún Níyán

Títí dòní, bí mo bá ti gbóòórùn bíítírúùtù tútù, gbòǹgbò pupa tó ní òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa yẹn, inú á kọ́kọ́ bí mi ná kí n tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ.

Èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni, a sì kó padà sí ìlú rẹ̀, Ìkòrò, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá a dùbúlẹ̀. Dókítà kìlọ̀ fún un lójú mi pé kó dín iyán kù, kó máa jẹ kárọ́ọ̀tì àti bíítírúùtù ní tútù, láìsè. Ọkọ mi mi orí dáadáa bí ọmọ iléèwé. Èmi òmùgọ̀, mo rò pé ẹni tó mi orí ti gbà nìyẹn, mo sáré lọ sọ́jà Adó lọ rà wọ́n.

Mo fọ̀ wọ́n títí erùpẹ̀ fi tán, mo bó èèpo wọn, mo fi páànù ìrinlá rin wọ́n títí ọwọ́ mi fi pọ́n dé ọrùn ọwọ́. Mo rẹ́ àlùbọ́sà sí i, mo fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, mo wọ́n iyọ̀ bíńtín sí i. Ó dùn ún wò! Mo fi àwo dé e, mo wọlé lọ kírun àílà, oorun sì gbé mi lọ lórí ẹní ìrun.

Ìró odó ló jí mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ló wá wo aláìsàn. Ó ṣí àwo, ó rí gbòǹgbò tútù. Lójú tirẹ̀, obìnrin tó bá gbé oúnjẹ tí kò fojú kan iná síwájú ọkọ, ó ti kọ ọkọ náà nìyẹn. Ló bá da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, ó sè é pọ̀ mọ́ iṣu, ó sì gún un. Iyán pọ́n yòò nínú odó!

"Ìyá, kí lẹ ṣe yìí?"

"Ìyàwó, ṣé uná ló kú ní ulé rẹ ni? Àbí ewúrẹ́ ni àbúrò mi? Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn!"

Mo ní, "Dókítà ló ní kó máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò yín nìyẹn, ẹ bi í."

A kọjú sí ọkọ mi. Ẹ gbà mí o! Ó ti ń fọwọ́. Ó ní, "Ìyá náà ti ṣe wàhálà," ló bá bu òkèlè.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń sọ ládùúgbò pé tíṣà kò dáná fún ọkọ rẹ̀ mọ́ látìgbà tí àìsàn dé. Èmi! Èmi tí ọwọ́ mi ò tíì ṣí kúrò ní pípọ́n! Ibi tí mo bá gbà kọjá, ohùn á lọ sílẹ̀. Síbẹ̀, mi ò jáwọ́. Mo ń rin ín lójoojúmọ́, mo sì ń tilẹ̀kùn kó tó jẹ ẹ́, bí ẹni pé a jí i ni. Nígbà tó yá, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀.

Ẹbí ṣe àdúrà ìdúpẹ́. Ìyá dìde láàárín èrò, ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, iyán ọwọ́ mi ló gbé àbúrò mi dìde." Ọkọ mi ló kọ́kọ́ ṣe àmín.

Ọjọ́ ti pẹ́. Ìyá ti darúgbó, mi ò bá a jà mọ́; ìfẹ́ àbúrò ló ń dà á láàmú. Mo ṣì ń rin gbòǹgbò tútù yìí láràárọ̀, ọkọ mi sì ń jẹ ẹ́, á tún máa lá ìka. Bí a bá jọ jáde, àwọn èèyàn á máa bá a yọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rere ló ní. Á rẹ́rìn-ín, á wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò tíì sọ òótọ́ fún ẹnì kan, mo sì ti mọ̀ báyìí pé kò ní sọ.