Ìgò Ẹ̀jẹ̀ Tí Ó Wà Ní Apá Òsì Fìríjì

Mo ti jowú ohun púpọ̀ láyé mi. Mo jowú ẹni tí iṣu rẹ̀ ta ju tèmi lọ, mo jowú ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní aago, mo sì jowú àkùkọ aládùúgbò wa kan, nítorí pé gbogbo ilé ló ń dìde bí ó bá sọ̀rọ̀. Bí èmi bá sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń dìde. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá gbogbo agbègbè Atakpamé já, láti Agbonou títí dé Akparé, ẹ kò ní rí ẹlòmíràn tí ó jowú ìgò ẹ̀jẹ̀ bí kò ṣe èmi.

Kì í ṣe irọ́. Àwọn ọmọ mi máa ń sọ pé bí mo bá ti ní kì í ṣe irọ́, kí ènìyàn di àpò rẹ̀ mú. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Àwọn ọdún 1970 ń parí lọ nígbà náà. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan tí àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ń bójú tó, nínú yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí à ń pè ní làbó. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Mo mọ ọ̀nkà, mo mọ bí a ti ń ka ohun tí a kọ sára ìgò, lẹ́yìn náà ni èmi àti olùkọ́ mi ṣe àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni máńgòrò kan, mo sì fi ilé ìwé sílẹ̀ fún un. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbálẹ̀, kí n fọ ife, kí n sì se omi kí n gba ooru rẹ̀ kó tún di omi, nítorí ẹ̀rọ wa kì í mu omi kànga.

Àwa mẹ́ta là ń bẹ níbẹ̀. Èkíní ni Másẹ̀ẹ̀, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ òyìnbó tí ó gbọ́ èdè wa díẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò mọ “ẹ” rárá. “Ìwọ” ló ń pe gbogbo ènìyàn, ó pe baálẹ̀ pàápàá bẹ́ẹ̀. Ẹnì kejì ni ọ̀dọ́kùnrin kan láti Agbonou, gíga, dúdú, eyín funfun, tó ti kọ́ iṣẹ́ ní Lomé. Èmi ni ẹ̀kẹta, èmi sì ni mo dàgbà jù nínú àwa ọkùnrin. Fófó ló ń pè mí, bí àwọn Ewe ti ń pe ẹ̀gbọ́n, ó sì ń pè é dáadáa. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú: kò sí ibi tí ènìyàn lè fi ọwọ́ bà kí ó sọ pé ọmọ yìí kò ní ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, ọkùnrin méjìlá ló rù ú, mẹ́ta nínú wọn kò sì ga mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn. Iná kan ń tàn nínú rẹ̀, iná náà á gba inú ife kékeré kan kọjá, abẹ́rẹ́ kan á sì mì lórí àwo funfun títí yóò fi dúró síbi tí ìdáhùn wà. Ìtọ́jú rẹ̀ le ju ti ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé lọ. Láràárọ̀ a ó ká aṣọ orí rẹ̀ kúrò, a ó nu eruku, a ó fi omi sísè ṣan inú ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín, a ó fọ àwọn ife kéékèèké náà nígbà mẹ́ta, a ó sì dì wọ́n mú létí, torí pé bí ìka ènìyàn bá kan ara wọn, ògiri ni ó jẹ́ lójú iná yẹn. Lẹ́yìn náà a ó tan iná, a ó sì dúró dè é kó gbóná, bí a ti ń dúró de àgbàlagbà tó ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀, a kò tíì lè gbé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn síwájú rẹ̀. A ó kọ́kọ́ bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀ la ó fún un, bí ìgbà tí ènìyàn bá bi ọ̀mùtí pé, “Kí ni orúkọ bàbá rẹ?” Bó bá gbà á, kó máa lọ. Bí kò bá gbà á, a ó tún ẹ̀rọ fọ̀, a ó tún nu iná, títí yóò fi gbà á.

Ìlú òyìnbó ni ẹ̀jẹ̀ ìbéèrè yẹn ti ń wá tẹ́lẹ̀, gbígbẹ bí ìyẹ̀fun, nínú ìgò kéékèèké. Ọdún kan wá dé tí ìgò kò dé. Másẹ̀ẹ̀ ní a kò lè máa wo èbúté títí, a ó lo ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le láàrin wa. Ó wo èmi, ó wo ọmọ Agbonou. Mo ti ká apá aṣọ mi sókè.

“Kì í ṣe ìwọ,” ló wí. “Ìwọ ń mu sódábì.”

Ẹ gbọ́ irọ́ náà! Ọjọ́ ọjà nìkan ni mo ń mu sódábì, ògógóró wa. Bí ọjọ́ gbogbo bá jẹ́ ọjọ́ ọjà níbì kan, èmi kọ́ ni mo ṣètò ọjà.

Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ Agbonou ṣe di òṣùwọ̀n. Lóṣooṣù wọn á fà á, wọn á yí i nínú ẹ̀rọ tó ń fi ìyípo ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, wọn á gba omi pupa rẹ́súrẹ́sú tó léfòó lókè, wọn á pín in sínú ìgò kéékèèké, wọn á sì tò wọ́n sí apá òsì nínú ibi dídì fìríjì. Wọn á fún un ní ẹyin àti mílíìkì kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè padà. Láràárọ̀ á mú ìgò kan, á fi àtẹ́lẹwọ́ yọ́ ọ, á fi í fún ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ á sì dúró ní ìlà kẹsàn-án.

“Mo ti dé,” ni ó máa ń sọ fún ẹ̀rọ náà.

Lọ́jọ́ tí abẹ́rẹ́ bá sì lọ síbòmíràn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ṣe é. Á yí sí mi, á tẹ orí ba pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Fófó, ẹ jọ̀ọ́, bóyá àwọn ife tí ẹ fọ̀ kò mọ́ tó.”

Èmi! Èmi tí bàbá bàbá mi ru irin fún àwọn Jámánì ní Kamina, nígbà tí wọ́n ń ri àwọn òpó tí wọ́n fi ń bá ìlú wọn sọ̀rọ̀ láìsí okùn! Ó sọ fún wa pé àwọn òpó náà ga débi pé alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó bá bà lé wọn á bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ nítorí òtútù. Irin yẹn ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Kí ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti ọmọ Agbonou? Ẹyin àti mílíìkì.

Ìyàwó mi ló wá da epo sí iná. Ó ń ro àkùmẹ̀, ọkà àgbàdo wa, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò tilẹ̀ wo ojú mi.

“Bàbá wọn, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin Agbonou yẹn ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn?”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Gbogbo ọjà ló mọ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lábùkù. Tiyín ńkọ́? Kí ni wọ́n ń fi tiyín wọ̀n?”

“Ẹ̀jẹ̀ tèmi dùn! Ṣé o ò rí i pé níbi tí mo bá tọ̀ sí lẹ́yìn ilé, èèrà á ti pé jọ kí n tó so ṣòkòtò tán? Èèrà kì í purọ́. Ṣé èèrà ń lọ bá ọmọ Agbonou?”

“Èmi ò tíì débẹ̀ wò,” ló wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú ìkòkò.

“Ò tíì” yẹn ni kò jẹ́ kí àkùmẹ̀ náà kọjá ní ọ̀fun mi. Mo pinnu pé ẹ̀jẹ̀ mi ni abẹ́rẹ́ yẹn máa kí, tí gbogbo wọn á sì yìn ín, kí n tó sọ ẹni tó ni ín.

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń di ojú egbò nílé ìwòsàn náà, mo ní kó fa ẹ̀jẹ̀ mi.

“Fún kí ni?”

“Kí àwọn ọmọ mi lè jogún rẹ̀.”

Ó mọ̀ mí, kò bi mí mọ́. Lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí làbó dá, mo yí ẹ̀jẹ̀ mi bí mo ti ń rí wọn ṣe é, mo gba omi orí rẹ̀, mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo sì kọ àmì ọmọ Agbonou sí i lára. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn. Mo kó gbogbo ìgò apá òsì pa mọ́ sí ìsàlẹ̀ ibi dídì náà, lẹ́yìn yìnyín, mo sì fi tèmi nìkan sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọmọ Agbonou dé, ó rò pé ìyẹn ló kù nínú ti oṣù náà, ó yọ́ ọ lọ́wọ́, ó fi í fún ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ gbéra. Ó kọjá ìlà kẹsàn-án, kò kí i. Ó kọjá ogún. Ó lọ títí ó fi kọ lu òpin àwo, ó sì ń gbọ̀n níbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ já òrùlé.

Inú mi dùn. Mo ní lọ́kàn mi, ẹ ò rí agbára! Ẹ̀jẹ̀ onírin nìyẹn!

“Fófó, àwọn ife yìí…”

“Mo fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin lónìí.”

Ó tún wọn fọ̀ fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ padà sí òpin. Ó ṣan ọ̀pá, ó yọ ọ̀pá náà, ó fi òmíràn sí i. Òpin náà ni. Ó yọ iná tó ń tàn dáadáa, ó fi iná kan ṣoṣo tó kù nínú àpótí rọ́pò rẹ̀. Òpin. Àwọn aláìsàn ti kún bẹ́ǹṣì, ìyá arúgbó kan láti Akparé tí kò tíì jẹun nítorí àyẹ̀wò ti ń fi orí ti ògiri. Nígbà tí oòrùn dé àárín ọ̀run, ẹ̀rọ náà ti wà lórí tábìlì ní wẹ́wẹ́ bí ẹran ọdún, Másẹ̀ẹ̀ sì ní kí wọ́n sọ fún àwọn aláìsàn kí wọ́n máa lọ.

Nígbà náà ni ọmọ Agbonou jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, “Másẹ̀ẹ̀, ẹ̀rọ yìí kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Ṣúgà ló pa bàbá mi, wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó kú. Ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ mi.” Ó sì fi ọwọ́ bojú.

Mi ò ní purọ́ fún yín níbí yìí. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí ọkàn mi ni pé: wọn á wá ẹ̀jẹ̀ mìíràn wàyí. Ó wà nínú mi tó ìgbà tí ènìyàn fi lè gbé itọ́ mì. Lẹ́yìn náà mo rí ejìká rẹ̀ tó ń mì, mo sì rí ìyá Akparé tó ń wá igi rẹ̀ láti fi rìn lọ.

“Dìde,” ni mo wí. “Ẹ̀jẹ̀ tìrẹ wà lẹ́yìn yìnyín. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ, tèmi ni.”

Mo ń retí kí Másẹ̀ẹ̀ lé mi jáde. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, “Ìwọ, òùngbẹ ń gbẹ ọ́?”

“Òùngbẹ wo? Mo kàn ń mu korobá omi kan kí n tó sùn ni.”

“Ìwọ ń tọ̀ púpọ̀?”

Mo rántí àwọn èèrà mi. Gbogbo ọdún tí mo fi ń fi wọ́n yangàn, ẹjọ́ mi ni wọ́n ń rò.

Wọ́n to ẹ̀rọ pọ̀, wọ́n mú ìgò ọmọ Agbonou láti ẹ̀yìn yìnyín, abẹ́rẹ́ sì lọ dúró ní ìlà kẹsàn-án bí ọmọ tí a pè wálé. Ọmọ Agbonou bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. “Fófó! Ẹ bá ti sọ pé ẹ fẹ́ kí n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò!” Wọ́n pe ìyá Akparé padà, wọ́n yẹ tirẹ̀ wò, ó sì jẹun. Másẹ̀ẹ̀ kọ ìwé ìbáwí fún mi, ojú kan àti ẹ̀yìn rẹ̀, ó kà á fún mi sókè. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí n kò retí. Ó ní ẹ̀rọ tó mọ ẹni tí ara rẹ̀ le nìkan, ìdajì ni ó mọ̀. Ó pẹ́ tí òun ti ń wá ẹ̀jẹ̀ tó ga, kí a máa fi bi í láti apá kejì.

Báyìí ni ìgò tèmi ṣe wọ apá ọ̀tún. Láràárọ̀, bí ti ọmọ Agbonou bá tán, ó kan tèmi. Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ní, “Àṣé tirẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ rere, tiyín ni wọ́n fi ń mọ burúkú.” Mo ní, “Ó ṣáà wà nínú fìríjì.”

Ṣùgbọ́n wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n gba sódábì àti ṣúgà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa fi ẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́. Lóṣooṣù abẹ́rẹ́ mi ń wálẹ̀. Ìyàwó mi ń dúpẹ́, èmi ń kárí sọ. Nígbà tó yá, Másẹ̀ẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ mi kò ga tó mọ́, pé olùkọ́ ìjọ kan wà tí tirẹ̀ ga dáadáa.

Mo ra hóró ṣúgà mẹ́fà tí wọ́n fi bébà dì, mo lọ jókòó lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ iná. Mo ti bó bébà èkíní nígbà tí ọmọ Agbonou yọ sí mi. Ó wo ọwọ́ mi. Kò rẹ́rìn-ín.

“Fófó, bí ẹ bá kú, ta ni á máa fọ ife? Ọjọ́ tí ẹ kò bá sí ńbí, mi ò tíì rí abẹ́rẹ́ yẹn dúró síbi kan.”

Láti ọdún tí a ti jọ wà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ pé ife mi mọ́. Mo da ṣúgà náà sílẹ̀ fún àwọn èèrà. Gbèsè ló jẹ́, ó ti pẹ́ tí mo ti jẹ wọ́n.

Ìgò olùkọ́ ìjọ ni ó wọ apá ọ̀tún, tèmi jáde. Mo fọ ife rẹ̀ láràárọ̀ títí mo fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìgbà mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí òfin, létí létí, mi ò sì fi ìka kàn án. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni mo máa ń fọ̀ kẹ́yìn.