Ìṣáwùrú Tí Kò Yé Ẹyin Mọ́

A sin Mùsíyé Médard ní Akpassi ní Sátidé tó kọjá. Àtọ̀sí ajá ló pa á, àìsàn tó ń mú ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀. Ó ti ba àpòòtọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ kó tó gbé e lọ. Àwọn aláṣẹ fi òdòdó ránṣẹ́. Òdòdó ńlá. Mo wò ó títí, mo ń bi ara mi léèrè: kí ni wọ́n ń fi í bò?

Olùkọ́ wa ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Á ká ṣòkòtò sókè, á wọ bàràájì, adágún omi tí wọ́n sé, tó wà lẹ́yìn Pira, lọ ṣa ìṣáwùrú, ìgbín kékeré inú omi, á kó wọn sínú abọ́ wá fún wa. Èyí tó bá tóbi jù la máa ń yìn.

"Kò sanra o," ló máa ń wí. "Aràn ló wọ̀ ọ́, ó jẹ ibi tó fi ń yé ẹyin. Oúnjẹ tó yẹ kó di ọmọ ló di ẹran ara."

Tí oòrùn bá wá mú, aràn wẹ́wẹ́ á tú jáde lára rẹ̀, wọ́n á máa wá awọ ènìyàn kiri láti gbé àtọ̀sí ajá wọ inú rẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ bíi pé àánú ìṣáwùrú ń ṣe é.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ fẹ́ ṣí ibi ìfọṣọ tuntun sétí bàràájì náà, àwọn olùyẹ̀wò omi gba ọ̀nà Savalou dé. Àárọ̀ kùtù ni, ìrì ò tíì kúrò lórí ewé kajú. Wọ́n wá ẹyin ìṣáwùrú lábẹ́ ewé omi, wọn ò rí i. Wọ́n ní ìṣáwùrú ti ń tán lọ nìyẹn, omi ti dára. Olùkọ́ wa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró kí oòrùn mú, kí wọ́n tún un wò. Wọ́n ní ọkọ̀ ò lè dúró.

"Mùsíyé, àbí ẹ̀yin lẹ ń gbẹ̀bí fún ìṣáwùrú ni?" Ọ̀kan nínú wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó kù sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tí aràn gba ilé ọmọ rẹ̀, níbo lẹ fẹ́ kó ti mú ẹyin wá?"

Wọ́n ti wọ ọkọ̀.

Kí ló ń lé wọn? Kí ló dé tí àgọ́ ayẹyẹ ti wà ní ìdúró kí wọ́n tó dé etí omi? Ṣé àyẹ̀wò ló pe àgọ́ ni, àbí àgọ́ ló pe àyẹ̀wò? Àwọn ìṣáwùrú tí Mùsíyé Médard tún ń wọ omi lọ ṣa fún wọn lẹ́yìn náà, tó ń fi ọ̀kadà gbé lọ bá wọn, ibo ni wọ́n kó wọn sí? Ìyá Olga, ìyàwó rẹ̀, sọ fún mi pé lórí ibùsùn ikú gan-an, ohun tó ń bèèrè ni bóyá àwọn ọmọ ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Wọ́n ṣì ń lúwẹ̀ẹ́. Delphine ọmọ mi wà lára wọn. Lọ́sẹ̀ yìí ló ní ìtọ̀ ń ta òun. Mo wá ń yọjú wo ìtọ̀ ọmọ mi bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Ẹ má fi òdòdó ránṣẹ́ sí wa mọ́. Ẹ fi oògùn ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i pé omi yẹn dára. Kó wá. Kó má wá láàárọ̀ o: ọ̀sán gangan ni kó wá, kó bọ́ bàtà, kó ká ṣòkòtò sókè bíi ti Mùsíyé Médard, kó wọ omi náà lójú gbogbo àwa ìyá.