Ọkọ̀ Tí Yèyé Mi Lè Wọ̀

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ jórinjórin. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń kó ẹrù lókè òkun ni àwọn onímọ́tò ń gbé wá bá mi. Èmi ni mo ń gé fèrèsé sí i, tí mo ń to àga sínú rẹ̀, tí yóò fi di ọkọ̀ èrò. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà dọ́ba. Bí mo bá rí èrò tí orúnkún rẹ̀ kò kan àga iwájú nínú ọkọ̀ tí mo ṣe, inú mi a dùn bí ẹni jẹ iyán ọjọ́ ọdún.

Abúlé wa lẹ́bàá Iléṣà ni Yèyé mi ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń ṣe oko obì. Oṣooṣù ni wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì wá kí wa ní Dàda Estate l'Óṣogbo, títí di ọjọ́ tí kọ̀ńdọ́ kan ti ìdí wọn wọ inú ọkọ̀ nítorí pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga jù. Gbogbo gáréèjì ló rí i. Yéè! Yèyé gbaná jẹ.

“Èmi, ìyá ìjọ, kí ọmọ àná máa ti ìdí mi bí ẹni ti àpò kòkó? Mi ò wọ bọ́ọ̀sì mọ́ láéláé!”

Oṣù kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, a ò rí wọn. Mo ní kí n háyà takisí fún wọn, wọ́n ní àwọn kì í ṣe òkú tí wọ́n ń gbé relé. Àwọn ọmọ mi ń béèrè màmá àgbà ṣáá. Ó dùn mí wọra.

Nígbà tí awakọ̀ kan tó ń ná Iléṣà sí Òṣogbo gbé bọ́ọ̀sì wá, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n jó àtẹ̀gùn kan mọ́ abẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí n sì fi irin ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo gòkè, mo sọ̀ kalẹ̀, ó rọrùn. Lọ́jọ́ Sátidé mo bá ọkọ̀ náà lọ sí Iléṣà, mo bẹ Yèyé títí wọ́n fi tẹ̀ lé mi dé gáréèjì. Wọ́n gbé ẹsẹ̀, ìró dá a dúró lágbedeméjì. Wọ́n wo àtẹ̀gùn, wọ́n wo ṣòkòtò mi.

“Ṣé ọkùnrin nìkan ní í wọ mọ́tò ni?”

Ni wọ́n bá kọrí sílé.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú, ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Mo gba ìró ìyàwó mi, mo ró o gírígírí ní ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun bọ́ọ̀sì awakọ̀ náà. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ọmọṣẹ́ mi.

“Ìyá ìyàwó, ẹ rọra o!”

Ibi tí ìró ti há mi lẹ́sẹ̀ ni mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Mo sọ àtẹ̀gùn kan di méjì tó rẹlẹ̀, mo ṣe é kí ti ìsàlẹ̀ lè ká sókè bí ọkọ̀ bá ń lọ, mo sì fa irin ìdìmú wálẹ̀ kí ọwọ́ àgbà lè tó o.

Sátidé kejì, Yèyé tún wá sí gáréèjì, ojú wọn le koko. Kọ̀ńdọ́ sáré bọ̀ láti tì wọ́n. Wọ́n wò ó, ó sún sẹ́yìn. Èmi ti wà nínú ọkọ̀, mo na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n di irin mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n gbé èkejì, ó di inú ọkọ̀. Ọwọ́ mi ṣì wà ní nínà. Wọ́n gbé báàgì wọn lé e, wọ́n kọjá lára mi, wọ́n lọ jókòó sídìí fèrèsé.